Táípúráítà Kò Bàjẹ́, Iṣẹ́ Ni Kò Wá Sọ́dọ̀ Rẹ̀ Mọ́

Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Hausa yóò sọ fún yín pé ohun tí ń jẹ́ "sábó" ni "titun." Orúkọ náà bá àdúgbò wa ní Yábà mu, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun titun ti ń lé ohun àtijọ́ kúrò níbẹ̀. Ní 1934 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Yaba Higher College. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ní 1948, láti fi bẹ̀rẹ̀ Yunifásítì. Ní 1947 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Yábà Tẹ́ẹ̀kì lónìí dìde. Ní 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì ti Èkó, tí ó wà ní Akọkà lónìí, sílẹ̀. Nígbà tí ó di 2011, àwọn ọ̀dọ́ kan gba ilé sí ojú títì Herbert Macaulay ní Sábó, wọ́n pè é ní CcHub, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn tí ń ronú ohun tí a lè fi kọ̀ǹpútà ṣe yóò ti máa pàdé. Òkìkí ilé náà kàn tó bẹ́ẹ̀ tí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, fi wá wò wọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016. Bosun Tijani, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní 2023.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkàwé mi, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dé kọ́ ni mo mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lọ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún. Táípúráítà ni mo ń wí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́ kò rí i rí. Ní sáà tí ó kọjá mo gbé ọ̀kan wọ kíláàsì. Ọmọ kan bi mí pé níbo ni wáyà iná rẹ̀ wà. Òmíràn ní ojú rẹ̀ tí a fi ń wo ohun tí a kọ dà. Mo ki tákàdá bọ̀ ọ́, mo tẹ ìlà kan, agogo rẹ̀ dún gbin, gbogbo kíláàsì sì pariwo. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu jù ni pé bí ìka ti ń kan bọ́tìnnì ni lẹ́tà ń hàn lórí tákàdá, láìsí ohunkóhun láàrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ní orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, irin náà yóò gbérí, yóò na ríbọ́ọ̀nù tí a ti fi tàdáwà rin, ríbọ́ọ̀nù yóò sì kan tákàdá tí a ká mọ́ igi rọ́bà róbótó. Lójú kan náà ni igi rọ́bà yóò sún ìwọ̀n lẹ́tà kan sí apá òsì, kí lẹ́tà kejì má bàa gun ti ìṣáájú lórí. Bí ìlà bá kù díẹ̀ kí ó parí, agogo yóò dún, ẹni tí ń tẹ̀wé yóò sì fi ọwọ́ ti gbogbo rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba iná, kò gba bátìrì. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju ríbọ́ọ̀nù àti òróró díẹ̀ lọ.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Christopher Sholes, ní ìlú Milwaukee, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1868. Ilé-iṣẹ́ Remington, tí ó ti ń rọ ìbọn tí ó sì ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ fún títà ní 1873. Ti àkọ́kọ́ náà kò mọ̀ ju lẹ́tà ńlá lọ. Ní 1878 ni èyí tí ó mọ ńlá tí ó sì mọ kékeré tó jáde. Bí wọ́n ti to lẹ́tà sí ojú ẹ̀rọ náà nígbà náà, Q, W, E, R, T, Y, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà lórí fóònù tí ó wà lápò yín. Ẹ yọ ọ́ wò.

Ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, táípúráítà sọ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin di ẹni tí ń gba owó oṣù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tí Èkó sì tẹ̀lé e ní 1957, ọmọ tí ó mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ìyá tí ń ta aṣọ tàbí gààrí, tí agbára rẹ̀ kò gbé owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún márùn-ún, a fi ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ kọ́ táípù. Ìwé-ẹ̀rí Pitman tàbí ti Royal Society of Arts, tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ni wọ́n ń lé. Olùkọ́ yóò mú aago lọ́wọ́, yóò ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan: 25 fún ẹni tí ń kọ́ ọ bọ̀, 50 fún ẹni tí ó fẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹlòmíràn a fi aṣọ bo ọwọ́ ọmọ kí ó má bàa máa yọjú wo lẹ́tà. Ìka mẹ́wàá gbọ́dọ̀ mọ ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àwọn mìíràn kò dúró de ọ̀gá kankan. Wọ́n gbé tábìlì sí ẹ̀bá kóòtù tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ta agboòrùn lé e, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbúra, àdéhùn ilé, ìwé ìwáṣẹ́, lẹ́tà sí onígbèsè tí ó ń fi ara pamọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ọlọ́jà tí kò mọ ìwé kà yóò jókòó sórí àpótí, yóò rojọ́ ní Yorùbá, táípíìsì yóò sì máa sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì bí ìka rẹ̀ ti ń lọ. Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan tí ìbátan mi kan tọ́jú pamọ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le ju ti lọ́yà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní onígbèsè náà san owó kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Àwa olùkọ́ ni a kò lè gbàgbé ẹ̀rọ náà, nítorí sítẹ́ńsù. Kí fótókọ́pì tó kárí ilé-ìwé, a kì í tẹ ìbéèrè ìdánwò sórí tákàdá lásán. A ó yẹ ríbọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi lẹ́tà irin lu tákàdá pẹlẹbẹ kan tí a fi ìda bò, lẹ́tà yóò sì gé ojú ihò rẹ̀ sí i. Sítẹ́ńsù yìí ni a ó fi wé ìlù irin tí tàdáwà wà nínú rẹ̀, tí a ó máa fi ọwọ́ yí, tí ìwé yóò máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. David Gestetner, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ó gba àṣẹ lórí ọgbọ́n sítẹ́ńsù yìí ní 1881, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń pe ẹ̀rọ náà títí di òní. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, oògùn olómi kan wà tí a fi ń dí ihò náà. O ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ, o ó sì tún un tẹ̀. Ọwọ́ àti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ kì í mọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Àwọn àgbà olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín pé ọmọ ilé-ìwé tí ó gbọ́n kì í lọ fọ́ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá láti jí ìbéèrè. Orí ààtàn ni wọ́n ń lọ. Sítẹ́ńsù tí a ti lò, tí a kò sun, bí ọmọ bá ti nà án sókè sí oòrùn, gbogbo ìbéèrè ni yóò kà tán. Nítorí náà ni ọ̀gá ilé-ìwé a fi dúró ti iná fúnra rẹ̀ títí ìkẹyìn wọn yóò fi jóná.

Àléébù kan wà lára táípúráítà tí ó dun ẹni tí ń kọ Yorùbá. Nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rọ èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì ohùn. Àwọn ìjọ ti jókòó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa ní ìpàdé kan ní Èkó ní 1875, kí táípúráítà tó mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn Remington? Táípíìsì tí ó ní sùúrù yóò tẹ e, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, yóò yí igi rọ́bà sókè díẹ̀, yóò tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì tún yí i padà. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò fa ìlà sí abẹ́ lẹ́tà. Ẹni tí ó wà ní ìkánjú yóò fi í sílẹ̀ pé òun yóò fi bírò tò ó bí òun bá tẹ̀ ẹ́ tán, yóò sì gbàgbé. Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀: o-k-o lásán lè jẹ́ oko tí a ń ro, ó lè jẹ́ ọkọ tí a fẹ́, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́ta, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Obìnrin tí ó bá kọ lẹ́tà sí kóòtù pé wọ́n gba "oko" òun, adájọ́ yóò ní láti bi í léèrè.

Ẹni tí ó bá rò pé kọ̀ǹpútà fi òpin sí ìyà yìí lọ́jọ́ kan náà kò tíì tẹ Yorùbá rí. Nínú ìlànà Unicode, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà méjì ni a ń tò léra, bí a ti ń gbé agbọ̀n lé ori òṣùká. Bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá mọ òṣùká rẹ̀ í dì, àmì yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí ṣófo kan jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà. Ó ti sàn púpọ̀ nísinsìnyí. Pátákó lẹ́tà Yorùbá wà lórí fóònù tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti àmì ohùn, mo gbà pé ohun titun borí ohun àtijọ́. Ó kù kí àwa tí a ni èdè lò ó. Mo ṣì ń rí pátákó ọjà ní Sábó tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí àwọ̀ mẹ́fà wà lára rẹ̀, tí kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo.

Báwo ni táípúráítà ṣe wá kúrò nílẹ̀? Kì í ṣe ọjọ́ kan. Fótókọ́pì ni ó kọ́kọ́ gba ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí o bá fẹ́ ìwé márùn-ún, o ní láti fi kábọ̀n sí àárín tákàdá márùn-ún, kí o sì fi gbogbo agbára lu lẹ́tà; èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá a máa rí bí òjìji. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ogún, o tún un tẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Àṣìṣe tí ó wà ní ìlà ọgbọ̀n lórí táípúráítà, kí a fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lórí kọ̀ǹpútà, ìka kan ni yóò tún un ṣe. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wá gba ojú pópó ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM wọlé ní oṣù kẹjọ 2001, tí ó sì di pé fóònù fúnra rẹ̀ ń fi ìwé ránṣẹ́, ìwé kò nílò láti di tákàdá rárá mọ́. Nílẹ̀ òkèèrè náà, ilé-iṣẹ́ Brother ní Wrexham, ní ilẹ̀ Wales, ṣe èyí tí wọ́n pè ní ìkẹyìn táípúráítà tí a ó ṣe ní Brítéènì ní 2012, wọ́n sì fi í ta ilé àkójọ ohun ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Science Museum, lọ́rẹ.

Ní tèmi, ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí ọlọ́jà gbé yẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a yan ẹ̀rọ tí ó yẹ Èkó, táípúráítà ni à bá yàn. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, a pín in tà fún àwọn oníṣòwò ní 2013, síbẹ̀ "NEPA ti mú iná" ni a ṣì ń wí. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn yẹ kí ó jẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n kí ni a rí? Oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kò sí iná. Ó jókòó, ó ń dúró de ẹni tí ó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Táípíìsì wà ní òdìkejì títì pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó gbó ṣáṣá. Oníbàárà kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò kórìíra rẹ̀. Kì í kúkú ṣe lẹ́tà títẹ̀ ni ó wá rà. Ìwé tí ó lè tún ṣe lọ́la ni ó fẹ́, tí ó lè di ogún ní ìṣẹ́jú kan, tí ó lè dé Kánò kí òun tó dé ilé. Táípúráítà kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti tà. Dídára rẹ̀ kò dín kù rárá. Ohun tí ènìyàn ń béèrè ni ó kúrò níbi tí ó wà. Èmi rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nígbà tí a bá ń ṣọ̀fọ̀ ohun àtijọ́. À ń sọ pé "ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa," bí ẹni pé ẹ̀rọ ni ń bẹ ara rẹ̀ níṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀, ẹ wo ọbíọmá. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn aránṣọ alárìnkiri tí ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká, tí ń lu sáásì wọn kẹ́kẹ́ kiri àdúgbò. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé náà dàgbà ju táípúráítà lọ: 1851 ni Isaac Singer gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ lásán ni ọbíọmá sì fi ń yí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná wà káàkiri ọjà Yábà. Kí ló dé tí ọbíọmá kò parẹ́? Ṣòkòtò tí ó ya ní ìdí kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fẹ́ kí a rán an níbi tí ó dúró sí, ní owó kékeré, nísinsìnyí. Ẹ̀rọ tí ó fúyẹ́, tí kò béèrè iná, tí ó ń tọ oníbàárà lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun ni iṣẹ́ náà ń béèrè. Ẹ̀rọ méjì tí ó ti dàgbà, tí àwọn méjèèjì kò sì jẹ iná: ọ̀kan ń jẹun, èkejì wà lórí àjà.

Orí àjà ni ti màmá kan wà, lẹ́yìn ọjà Sábó, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bẹ ní kíláàsì mi. Olympia ni, irin tí ó wúwo bí ọmọ odó. Màmá yìí ṣiṣẹ́ táípíìsì ní ọ́fíìsì, nígbà tí ó sì fẹ̀yìn tì, ó ń gba iṣẹ́ wá sílé. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo bá mọlá kan tí ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. Ó ti gbé ẹ̀rọ náà kọ́ orí òṣùwọ̀n.

"Tíṣà," ni màmá wí, "ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀rọ yìí ni ó sanwó ilé-ìwé bàbá ọmọ yìí. Ṣé bí a ti ń wọn irin wíńdò ni wọn yóò wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Mo ki tákàdá bọ̀ ọ́. Lẹ́tà kan kò há, agogo dún, ríbọ́ọ̀nù nìkan ni ó gbẹ. Mọlá náà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí bí òun ṣe lè fi owó lé e nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n ni ìwọ̀n. Ní tirẹ̀, òótọ́ ni ó sọ. N kò lè parọ́ fún màmá pé oníbàárà ń bọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kí ó má ta á ní owó irin, kí ó yá mi fún ilé-ìwé. Ó gbà. Òun ni mo gbé wọ kíláàsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn tí mọlá lọ ni màmá wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ mí lára jù. Àwọn táípíìsì mẹ́ta ni wọ́n jọ jókòó ní yàrá kan ní ọ́fíìsì wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀kan lọ, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti ń tẹ̀wé ju àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ọ lọ, nítorí ìka rẹ̀ ti mọ ilé. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí kò ní agogo kò ní ọ̀wọ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi tí a ti ń to fáìlì, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kúrò. Màmá ni ẹnì kẹta. Òun kò kọ̀, òun kò sì lọ. Ó ń sọ pé "bí ó bá di oṣù tí ń bọ̀," títí ìwé ìfẹ̀yìntì fi dé. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nílé, ó fi gèlè bo ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti bo tirẹ̀. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nísinsìnyí. Mo ti dúró tì í. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé owó tí àwọn ìyá wa san fún ẹ̀kọ́ táípù ti ṣègbé. Ẹ̀rọ ni ó kú, ẹ̀kọ́ inú ìka kò kú. Lẹ́tà méjì tí ẹ máa ń rí lókè ímeèlì, "cc", ti kábọ̀n ni, àwọn tí kò fọwọ́ kan kábọ̀n rí ń lò ó lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti táípúráítà ṣe wà nínú ẹ̀rọ titun láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ọ̀rọ̀ wá kù sí ọ̀dọ̀ yín. Láti 2015 ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò ìgbàwọlé sí yunifásítì lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, tí kò fọwọ́ kan pátákó lẹ́tà rí, yóò pàdé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, pẹ̀lú aago tí ń kà lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ìwé tí kò ní kọ̀ǹpútà, tàbí tí ó ní in tí kò ní iná, pọ̀ láàrin wa. Ẹ wo inú sítọ́ọ̀ ilé-ìwé yín. Lẹ́yìn àga tí ó ṣẹ́ àti àsíá àtijọ́, ẹ ó rí táípúráítà kan tàbí méjì níbẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti màmá: ọmọ mẹ́rin lójúmọ́ kan, ìdajì wákàtí, lẹ́yìn ìpè ìparí. Lẹ́tà rẹ̀ wà síbi tí ti kọ̀ǹpútà wà. Bọ́tìnnì rẹ̀ le díẹ̀, nítorí náà ìka ìkẹyìn a kọ́kọ́ máa dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní nọ́ńbà 1. Lẹ́tà l kékeré ni a ń tẹ̀ dípò rẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gbé àṣà náà dé orí kọ̀ǹpútà. Eku kò sì sí lára rẹ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ ìyẹn wà lọ́tọ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, n kò pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti mọ ibi tí lẹ́tà wà yóò fi ìyókù àkókò rẹ̀ ronú sí ìbéèrè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ti ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ó kíyè sí èyí. Ríbọ́ọ̀nù titun ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbẹ ṣeé fi tàdáwà òǹtẹ̀ rin, díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ehín tí a ti pa tì gbọn eruku kúrò lójú lẹ́tà. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan péré, ni kí ẹ fi sí ojú irin tí igi rọ́bà ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe kán an sí ìdí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé lẹ́tà. Eruku Èkó yóò pò mọ́ ọn, yóò di ẹrọ̀fọ̀, gbogbo lẹ́tà yóò sì há. Bí wọ́n bá há, aṣọ tí a fi spírítì rin ni kí ẹ fi nù wọ́n. Bí ẹ bá sì ṣe tán, ẹ fi aṣọ bò ó.